Òrùlé Rogodo Méyọ̀ Osterhaus

Ẹ sún mọ́ iná, kí ẹ sì bọ́ bàtà tútù yín sẹ́nu ọ̀nà, nítorí òtútù ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, òtútù náà ló sì parí rẹ̀. Ìtàn Méyọ̀ wa ni, Lyle Osterhaus, ọkùnrin tó gbà pé ọjọ́ tí wọ́n bí òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sí ayé. Láti kékeré ni mo ti ń gbé Port Gannet, létí adágún ńlá, níbi tí yìnyín ti máa ń já kí ewé igi tó já tán. Mo ti rí méyọ̀ tó ń mutí. Mo ti rí èyí tó máa ń sùn nípàdé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí pé ní gbogbo ìgbà tó ń sùn, kò da nǹkan kan rú.

Osterhaus kì í mutí, kì í sì í sùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni wíwọlé. Tó bá fẹ́ wọ yàrá kan, agbẹnusọ rẹ̀, Preston Dunleavy, ló máa kọ́kọ́ wọlé. Á wúkọ́, á na ọrùn bí akùkọ, á ní, "Ẹ dìde o! Ọlọ́lá jùlọ ń bọ̀!" Wọn á wá ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbalasa, Méyọ̀ á sì dúró sáàárín títí gbogbo ojú fi máa dé ara rẹ̀. Nígbà tó gorí àlééfà, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n wó apá kan ògiri gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú, kí wọ́n lè fẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lójú sí i.

"Èmi ò lè máa fẹ̀gbẹ́ wọlé bí alákàn," ló wí.

"Alákàn kẹ̀!" ni Dunleavy dáhùn. "Ọlọ́lá mi, erin ni yín!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ alákàn yẹn sápò, a máa nílò rẹ̀ tó bá yá.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tiwa, ọwọ́ la fi ń gbé e sá, tí àwọn òmìrán á sì máa lé ẹni tó gbé e kiri. Agégẹdú lorúkọ ẹgbẹ́ wa. Pápá wọn àtijọ́ kò ní òrùlé, afẹ́fẹ́ adágún sì ń gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Tí yìnyín bá já mọ́jú ọjọ́ bọ́ọ̀lù, àwọn ará ìlú á gbé ṣọ́bìrì wọn jáde ní ìdájí, wọ́n á kó yìnyín kúrò lórí ìjókòó, wọ́n á gba abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná kan, wọ́n á sì wòran lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó kù á máa sun sọ́sééjì nídìí ọkọ̀ wọn níta. Nígbà tí ẹgbẹ́ àlejò tó ti ìlú olóòrùn wá bá fi máa bọ́ sí pápá, ìka wọn á ti gan, bọ́ọ̀lù á sì máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn bí ọṣẹ. Bí a ṣe ń borí nìyẹn. Ẹgbẹ́ wa kò mọ bọ́ọ̀lù gbá tó bẹ́ẹ̀, òtútù ló mọ̀ ọ́n gbá.

Àfi bí Méyọ̀ ṣe rìnrìn àjò lọ sí ìlú ńlá kan, tó rí pápá tí wọ́n fi òrùlé rogodo bò, tó sì rí orúkọ ẹnì kan gàdàgbà lórí rẹ̀. Kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó ṣe padà délé, ó pe ìgbìmọ̀ ìlú jọ, ó wọlé (ìṣẹ́jú púpọ̀ lọ sórí ìyẹn), ó sì gbẹ́nu lé e.

"Ẹ̀yin ará ìlú tí Ọlọ́run fi mí ta lọ́rẹ! Títí dìgbà wo la ó máa wo bọ́ọ̀lù nínú òtútù bí ẹran ọ̀sìn? Mo rí ìran kan! Mo rí òrùlé funfun tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mo rí àwọn àlejò tó ń ti Japan bọ̀, tí wọ́n ń sunkún ayọ̀. Mo sì rí orúkọ kan lórí òrùlé yẹn, tí àwọn tó wà nínú bàálù lè kà. N kò ní sọ orúkọ ta ni."

"Osterhaus ni!" ni Dunleavy pariwo.

"Ìwọ lo sọ ọ́ o," ni Méyọ̀ wí, ó sì tẹríba fún ara rẹ̀.

Arne Halvorsen, ọmọ ìgbìmọ̀ kan tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, nawọ́ sókè. "Ọlọ́lá, ta ló máa sanwó ẹ̀? Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Pruett tó ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni?"

Whitcomb Pruett jókòó níwájú níbẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó sì ní erékùṣù kan. Bó ṣe gbọ́ "sanwó" báyìí, ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀ láti rí i pé bọ́tìnnì rẹ̀ kò tíì já.

"Pruett ń fún wa ní ohun tó ju owó lọ," ni Méyọ̀ dáhùn. "Ó ń fún wa ní ìfẹ́ rẹ̀."

"Tí ẹ ò bá sì kọ́lé náà," ni Pruett fi kún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "màá kó ìfẹ́ náà lọ sílùú míì."

"Owó ìlú náà la máa ná nìyẹn," ni Halvorsen wí. "Kí la máa wá jáwọ́ nínú ẹ̀ ká lè rí owó náà?"

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ di àga yín mú.

"Katapílà ni!" ni Méyọ̀ wí. "Àwọn katapílà tó ń kó yìnyín ojú títì. Lọ́dọọdún la ń kó yìnyín, lọ́dọọdún ló tún ń já. Ṣé ẹ ò rí i pé ó ń fi wá ṣeré ni? Dípò ká máa kó yìnyín kúrò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, ẹ jẹ́ ká kó àwọn èèyàn kúrò lọ́dọ̀ yìnyín! Òrùlé kan ṣoṣo, gbogbo wa lábẹ́ ẹ̀!"

Dunleavy bú sẹ́kún. Aṣọ ìnujú méjì ló máa ń mú rìn, ọ̀kan fún omijé, ìkejì fún bàtà Méyọ̀, ó sì lo méjèèjì lọ́jọ́ náà. Halvorsen béèrè bí àwọn èèyàn á ṣe máa dé abẹ́ òrùlé náà tí yìnyín bá ti dí ọ̀nà pa. Wọ́n ní kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ní Port Gannet, ó sàn kí wọ́n pè ọ́ lólè. Ojú tì í, ó jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Inú oṣù kejì, tí ilẹ̀ ti gan bí irin, ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ìpìlẹ̀. Ṣọ́bìrì kankan kò lè wọlé, ni wọ́n bá kó iyanrìn rírọ̀ sínú àpótí kan, wọ́n gbé e síwájú Méyọ̀, wọ́n sì fún un ní ṣọ́bìrì tí wọ́n kùn ní wúrà. Ó wa iyanrìn náà, àwọn akọ̀ròyìn ya fọ́tò. Ó ní àgbọ̀n òun kò hàn dáadáa. Ó tún un wà, ó tún un wà, títí iyanrìn fi tán tí wọ́n sì ní láti dá a padà sínú àpótí. Ó gbé ṣọ́bìrì náà relé, ó gbé e kọ́ sórí ibi ìdáná tó wà ní pálọ̀ rẹ̀.

Corliss, ìlú kejì lódìkejì odò, ló ra àwọn katapílà wa. Nígbà tí yìnyín bá dé, wọ́n á kó tiwọn mọ́ tónítóní títí dé àárín afárá, wọ́n á dúró, wọ́n á juwọ́ sí wa, wọ́n á sì ṣẹ́rí padà.

Ibi tí eré ti fẹ́ kúrò lójú mi nìyí. Bernadine Wojcik, tó jẹ́ olórí àwọn oníṣọ́bìrì, ń gbé lórí òkè Linden. Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì, ìdajì ìlú yìí ló sì ti gùn ún. Kíndìnrín ọkọ rẹ̀, Stan, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí katapílà, kò sí ọ̀nà. A bá gbé Stan sórí pátákó tí àwọn ọmọdé fi ń yọ̀ lórí yìnyín, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, a sì ń fà á sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ rọra, ẹ̀yin ẹṣin wọ̀nyí!" ni Stan á máa pariwo. "Ẹ máa wo kọ́nà! Ta ló fún èyí tó wà níwájú yìí ní láísẹ́ǹsì?"

A máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wá. Tí yìnyín bá lọ pọ̀ ju agbára wa lọ lọ́jọ́ kan, Stan kò ní dé ilé ìwòsàn, gbogbo wa ló sì mọ ohun tó máa tẹ̀lé e.

Ni Bernadine bá gba ọ́fíìsì Méyọ̀ lọ.

"Lyle, àwọn katapílà wa dà?"

"Mà," ni Dunleavy wí, "Ọlọ́lá jùlọ la máa ń pè wọ́n níbí."

"Mo ti nu ikun nímú ẹ̀ rí. Ìwọ náà, lọ jókòó."

Méyọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá Wojcik, ẹ má da ara yín láàmú. Lọ́jọ́ tá a bá ṣílé, ẹ gbé Bàbá Stan wá síbẹ̀. Ibẹ̀ máa móoru bí oṣù kẹfà."

"Ṣé wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n máa ta gúgúrú níbẹ̀."

Bernadine wò ó títí. Méyọ̀ rò pé ìyanu ló ń ṣe é, ó bá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ wò ó, ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín kí wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn sílé. Kò dáa kí àlejò máa rí arúgbó tó ń wa yìnyín. Ẹ má sì sun sọ́sééjì níta mọ́, èéfín ẹ̀ á ba òrùlé mi jẹ́."

"Lyle, nígbà tí mo ń wa bọ́ọ̀sì, o ò ní wọlé títí gbogbo ọmọ tó kù á fi jókòó, kí wọ́n lè máa wò ẹ́ bó o ṣe ń gòkè. Mo sọ fún ẹ nígbà yẹn pé ẹnu ọ̀nà ló máa kó bá ẹ."

"Kò sí ẹnu ọ̀nà tó lè ṣe Osterhaus ní nǹkan kan, mà."

Ilé parí. Ẹnjiníà Marisol Tafoya, obìnrin tó yàwòrán rẹ̀, mú Méyọ̀ yí i ká. Ó ṣàlàyé pé òrùlé náà kò ní òpó. Aṣọ nínípọn ni, afẹ́fẹ́ tí àwọn fáànù ńlá ń fẹ́ sínú ilé ló gbé e dúró. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn àwọn òǹwòran fi jẹ́ èyí tó ń yí bírí, kí afẹ́fẹ́ má bàa jáde. Ẹnu ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan níwájú, ìkejì lẹ́yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti ọ̀kan kí wọ́n tó ṣí ìkejì.

"Bàlúùnù ńlá ni, Ọlọ́lá. Ẹ ṣáà má tú ẹnu ẹ̀."

Méyọ̀ kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ilẹ̀kùn tó ń yí bírí ló ń wò tìkà-tẹ̀gbin. "Èmi ni wọ́n máa máa yí bí adìyẹ lórí iná?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó wọnú rẹ̀, ilẹ̀kùn yí, ó dúró láti juwọ́ sí àwọn akọ̀ròyìn, ilẹ̀kùn kò dúró dè é, ó sì gbé e padà síta níbi tó ti wọlé.

"Ẹ pàtẹ́wọ́!" ni Dunleavy pariwo. "Ọlọ́lá wọlé, wọ́n sì jáde, lẹ́ẹ̀kan náà! Ta ló ṣe irú ẹ̀ rí?"

Láti ọjọ́ yẹn ni Méyọ̀ ti búra pé òun kò ní gba ibẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìṣílé bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejìlá. Láti ọjọ́ Ẹtì ni yìnyín ti ń já láìdánudúró. Tafoya sáré wá, ó ní yìnyín ti wúwo lórí òrùlé, àwọn fáànù ń mí hẹlẹ, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n pe àwọn oníṣọ́bìrì kí wọ́n wá gbọ̀n ọ́n. Méyọ̀ ní wọ́n á ba fọ́tò jẹ́.

Àwọn oníṣọ́bìrì wà nítòsí ṣá. Wọ́n wà níbi ìgbọ́kọ̀sí, Bernadine láàárín wọn, wọ́n ń sun sọ́sééjì tí Méyọ̀ ní kí wọ́n má sun. Stan jókòó nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń pàṣẹ èyí tó jinná.

Ni Méyọ̀ bá dé. Ẹṣin mẹ́jọ ló ń fa ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ gíga tí wọ́n ṣe bí ìtẹ́ ọba, ó sì dúró sórí rẹ̀ nínú kóòtù onírun funfun, ṣọ́bìrì wúrà léjìká. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onífèrè, lẹ́yìn onífèrè ni àwọn tó gbé àsíá, lẹ́yìn wọn ni Dunleavy tó ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ńlá. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ẹṣin wọlé, Méyọ̀ wọlé, àyè kún.

"Ẹ dúró," ni Tafoya wí. "A máa ti èyí ká tó ṣí ìkejì."

Méyọ̀ bojú wẹ̀yìn. Fèrè rẹ̀ ṣì wà níta. "Ṣé kí n wá wọlé láìní fèrè?"

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni, Ọlọ́lá."

"Èmi ò fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wọlé rí! Ẹ ṣí méjèèjì!"

"Ọlọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín—"

"Gbalasa!"

Wọ́n ṣí i gbalasa.

Ha! Ẹ ì bá wà níbẹ̀! Afẹ́fẹ́ inú ilé já sí wọn lójú bí ìgbà tí èèyàn sín. Fìlà gbéra, àsíá gbéra, gúgúrú ń fò bí eṣú, irun orí Dunleavy fò lọ síta (irun ọ̀tọ̀ ni, a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀), ó bà lórí ibi tí wọ́n ti ń sun sọ́sééjì níwájú Stan. Àwọn onífèrè kò fẹ́ nǹkan kan mọ́, afẹ́fẹ́ ló ń bá wọn fun ún. Méyọ̀ na àyà sí i. Ó rò pé ìfẹ́ àwọn èèyàn ló ń fẹ́ lu òun.

Ó gun orí pèpéle láàárín pápá, ó di maikirofóònù mú. "Ẹ̀yin ará ìlú Port Gannet! Ẹ gbójú sókè! Ẹ wo ohun tí mo kọ́!"

"À ń wò ó o!" ni gbogbo èèyàn dáhùn.

"Ṣé ẹ rí i bó ṣe lọ sókè tó?"

"Ó ń bọ̀ nílẹ̀!"

"Òrùlé tí yóò wà títí láéláé!"

Òrùlé ti rọ̀ láàárín bí ikùn àgbàlagbà. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò kánjú rárá. Pruett ló kọ́kọ́ jáde. Ilẹ̀kùn tó ń yí bírí ni kò tètè tú u sílẹ̀, ó yí i títí bọ́tìnnì àpò rẹ̀ fi já. Àwọn yòókù gba ẹnu ọ̀nà ńlá, afẹ́fẹ́ sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ẹ̀yìn, wọ́n ń jáde pẹ̀lú ẹ̀rín àti igbe. Ẹnì kankan kò fara pa. Àwọn ẹṣin pàápàá dúró jẹ gúgúrú kí wọ́n tó lọ.

Méyọ̀ kò tíì dórí kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Aṣọ òrùlé kan fìlà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún kàn án, ó kúnlẹ̀. "Ní ìparí ọ̀rọ̀ mi," ni ohùn rẹ̀ ń wí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lábẹ́ ibẹ̀, "mo ní kókó mẹ́fà." Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lórí òrùlé, orúkọ rẹ̀ ká jọ pẹ̀lú yìnyín, kò sì sí bàálù tó lè kà á mọ́.

"Ẹ mú ṣọ́bìrì," ni Bernadine wí.

Àwọn arúgbó tó ń ba fọ́tò jẹ́ ló wa ọ̀nà dé etí pèpéle, ibẹ̀ ni Méyọ̀ sì ti yọ sí wa. Àyè tó wà lábẹ́ aṣọ kò gba èèyàn láti dojú kọ iwájú. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń bọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí alákàn.

Kò sẹ́ni tó kéde pé ó ń bọ̀.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? A kó yìnyín kúrò níbi ìgbọ́kọ̀sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbá a. Àwọn àlejò ti ìlú olóòrùn wá, aṣọ wọn kò nípọn torí wọ́n ti ṣèlérí òrùlé fún wọn, Agégẹdú sì fi wọ́n nulẹ̀. Nígbà tó parí, a ṣì ní ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ayọ̀ sì ń gùn wá, ni ẹnì kan bá pariwo, "Ó di òkè Linden!" Gbogbo pápá ló tẹ̀lé wa. Àwọn tí kò ní ṣọ́bìrì ń fi ike gúgúrú kó o. A kó yìnyín láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé ẹnu ọ̀nà Bernadine, mo sì sunkún níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tó tún kàn, Stan fi mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn bí ọmọlúàbí. Ó ní pátákó dùn ju mọ́tò lọ.

Ìlú fìbò yọ Osterhaus. Halvorsen ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ lé e jáde. Ó ra àwọn katapílà wa padà lọ́wọ́ Corliss. Àṣà wa ni pé àwọn ọmọ iléèwé ló ń sọ katapílà lórúkọ, wọ́n á dìbò, wọ́n á sì kọ ọ́ sí i lára. Ọdún yẹn, kò sí àríyànjiyàn. Wọ́n fi ọ̀dà wúrà kọ ọ́ gàdàgbà sí èyí tó tóbi jù: LYLE OSTERHAUS. Wọ́n wá ẹni tó mọ̀nà ìlú yìí dáadáa láti wà á, Bernadine sì ní ìfẹ̀yìntì ti sú òun.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibi tí yìnyín wà mọ nǹkan tí katapílà máa ń ṣe: á la ojú títì, á sì wọ́ yìnyín rẹ̀ jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé èèyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Osterhaus jáde, ó bá òkítì kan tó ga dé ìbàdí rẹ̀. Kò ní ṣọ́bìrì míì nílé. Ó wọlé, ó sọ ti wúrà kalẹ̀ lórí ibi ìdáná, ó fi gún òkítì náà lẹ́ẹ̀kan. Ṣọ́bìrì ká kò bí ṣíbí tíì.

Katapílà ńlá dúró. Bernadine yọrí jáde, ó ju ṣọ́bìrì tirẹ̀ tó ti dógùn-ún sí i. "Lyle! Dá a padà tó o bá ṣe tán!"

"Ẹ ṣé, mà."

Ó wà á títí. Ó làágùn, ó mí hẹlẹ, ó wà á débi tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fi mọ́, tó sì fẹ̀ gbalasa bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ó na ẹ̀yìn. Ó gúnlẹ̀ sórí ṣọ́bìrì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, àwa aládùúgbò ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ará ìlú Port Gannet," ló bẹ̀rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, Lyle Osterhaus tó tóbi jù, èyí tí Bernadine ń wà, ti yí orí padà, ó ń kó yìnyín apá kejì bọ̀.